Fáírọ́ọ̀sì HPV àti àtúnṣe DNA nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ

HPV ni fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ẹ̀yà 16 àti 18 nìkan ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ káàkiri àgbáyé. Harald zur Hausen, ọmọ Jámánì tí ikọ̀ rẹ̀ rí ẹ̀yà méjèèjì nínú kókó jẹjẹrẹ ní 1983 àti 1984, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì

Ojoojúmọ́ ni DNA inú sẹ́ẹ̀lì, okùn tó gbé ìtọ́ni iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ń já, tí àwọn prótéènì kan sì ń so ó padà. Bí ìbàjẹ́ bá pọ̀, prótéènì kan tí ń jẹ́ p53 máa ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí àtúnṣe lè parí, tàbí kí ó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ kú. Ẹ̀ṣọ́ yìí ni prótéènì E6 ti HPV ń kọlù: ó ń lẹ̀ mọ́ E6AP, prótéènì tí í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì sàmì sí p53 lára kí a lè fọ́ ọ túútúú. E7 ní tirẹ̀ ń gba Rb, ìjánu sẹ́ẹ̀lì, kúrò lọ́nà, sẹ́ẹ̀lì á wá máa fi ìkánjú ṣe àdàkọ DNA rẹ̀, ìkánjú náà á sì tún máa já okùn DNA sí i.

Síbẹ̀, HPV kì í pa ètò àtúnṣe run. Èyí ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ńṣe ni ó ń ta ATM àti ATR jí, àwọn prótéènì tí ń kéde pé DNA ti bàjẹ́, tí ó sì ń kó RAD51 àti BRCA1, àwọn prótéènì tí ń tún DNA tó já ṣe, jọ síbi tí òun ti ń pọ̀ sí i, nítorí pé DNA tirẹ̀, tí kò ju nǹkan bí 8,000 lẹ́tà lọ, kò gbé irinṣẹ́ àtúnṣe kankan lọ́wọ́. Ó dà bí ìgbà tí àjèjì bá kó bíríkìlà tí onílé pè wá dí ògiri tó lanu, tí ó ní kí wọ́n máa kọ́ ilé tòun. Ìwádìí nínú yàrá àyẹ̀wò fi hàn pé RAD51 lè pọ̀ nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, kí àtúnṣe pípé má sì yọrí.

Níbi tí okùn ti já ni DNA fáírọ́ọ̀sì ti lè wọnú DNA sẹ́ẹ̀lì. Lọ́pọ̀ ìgbà, jíìnì E2 ti fáírọ́ọ̀sì náà, tí ń kó E6 àti E7 ní ìjánu ni ó ń bàjẹ́ níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì HeLa, tí a mú lára Henrietta Lacks, obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà ní 1951, ní HPV 18 nínú: bí a bá dá E2 padà sínú rẹ̀, p53 á tún pọ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì dẹ́kun pípín.

Ìtọ́jú

DNA ni cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ, àti ìtànṣán ń bà jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àtúnṣe tó mẹ́hẹ wà lára ohun tí ń jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í rí bákan náà lára gbogbo aláìsàn.

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ìpele kejì, ní 2024, ni ó kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Abẹ́rẹ́ náà ń dí fáírọ́ọ̀sì lọ́nà kí ó tó wọ sẹ́ẹ̀lì. Kò lè tún DNA tó ti bàjẹ́ ṣe. Nítorí náà, àyẹ̀wò ló kù fún àgbàlagbà obìnrin ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó. Nínú èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, nọ́ọ̀sì á fi òwú tí a rẹ sínú ásíìdì ọtí kíkan pa ọrùn ilé-ọmọ, á dúró bí ìṣẹ́jú kan, á sì wò ó bóyá ibì kan funfun. Kì í ṣe gbogbo funfun ni jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pín ju bó ṣe yẹ lọ.