Bí ìdánwò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ń di kírẹ́dìtì yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà ló ní kíláàsì AP U.S. Government and Politics, ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní ìpele yunifásítì (AP ni Advanced Placement). Kíláàsì yẹn fúnra rẹ̀ kì í fúnni ní kírẹ́dìtì o, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tí yunifásítì ń kà mọ́ ohun tí ọmọ nílò láti gboyè. Ìdánwò tí College Board, àjọ tó ni ètò AP, ń ṣe lóṣù Karùn-ún ló ń fúnni. Ọmọ tó gba A ní kíláàsì, tí kò jókòó ṣe ìdánwò, kò ní èsì tó máa fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Oṣù Kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ ti máa ń parí, ẹni tó bá sì pẹ́ á san owó kún owó.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, fún wákàtí 3: ìbéèrè 55 tí wọ́n á ti mú ìdáhùn nínú àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀, ní ìṣẹ́jú 80, àti ìbéèrè alálàyé 4 ní ìṣẹ́jú 100. Ìdajì máàkì ni apá kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè alálàyé kẹta ló ń tú àṣírí ẹni tó kàn há ìwé sórí. Wọ́n á gbé ẹjọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kan tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì kalẹ̀, kí ọmọ fi wé ọ̀kan nínú ẹjọ́ 14 tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Tinker v. Des Moines (1969), kò tó kó mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó so aṣọ dúdú mọ́ apá láti tako ogun Vietnam ló jàre. Ó gbọ́dọ̀ lè sọ pé nítorí wọn ò da ẹ̀kọ́ rú ni. Ìkẹrin jẹ́ àròkọ, máàkì 6. Ẹni tó bá tún ìbéèrè sọ láì gbè sẹ́yìn ibì kan kò ní rí máàkì àkọ́kọ́ gbà, ó kéré tán ẹ̀rí kan sì gbọ́dọ̀ wá láti inú àwọn ìwé ìpìlẹ̀ tí ìbéèrè dárúkọ, bíi Federalist 10, àròkọ tí James Madison kọ láti gbè sẹ́yìn òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà.

Èsì, láti 1 dé 5, máa ń jáde lóṣù Keje. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu èyí tí yóò gbà: òmíràn gba 3, òmíràn ń béèrè 4 tàbí 5. Kírẹ́dìtì 3 ló wọ́pọ̀. Lọ́dọọdún, College Board ń fi èsì ránṣẹ́ sí yunifásítì kan lọ́fẹ̀ẹ́, bí ọmọ bá ti yàn án kí gbèdéke oṣù Kẹfà tó kọjá. Lẹ́yìn náà, owó ni.

Kí àwọn òbí wa tó wà ní Houston ṣọ́ra níbí. Òfin Texas ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba ní kírẹ́dìtì 6 nínú ẹ̀kọ́ ìjọba, òfin ìpìlẹ̀ Texas fúnra rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni AP ń kọ́ni, nítorí náà ti Texas ṣì wà nílẹ̀ tí ọmọ máa kọ́.