Bí Jẹ́lífíìṣì Ṣe Ń Ta Èèyàn

Etí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun gan-an á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Létí òkun níbẹ̀, ìgbì lè gbé ohun kan sórí iyanrìn tó rí bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán, tó ń dán, tó sì mọ́ gaara débi pé a ń rí iyanrìn láti inú rẹ̀. Jẹ́lífíìṣì nìyẹn, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní méduse. Tí oòrùn bá pa á di ọ̀sán, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ṣẹ́ kù, torí nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ara rẹ̀ ni omi. Kò ní egungun, kò lọ́kàn, kò ní ọpọlọ. Síbẹ̀, ó ń ta èèyàn, ó sì ń dunni gan-an.

Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni oró wà. Sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò lè rí ló kún ara wọn. Àpò kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó kún bámúbámú bíi táyà tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ àfúnjù, fọ́nrán oníhò kan sì ká jọ sínú rẹ̀. Kí ẹja tàbí ẹsẹ̀ èèyàn ṣáà ti fara kan irun kékeré tó wà lẹ́nu sẹ́ẹ̀lì náà, ìdérí á ṣí, fọ́nrán á ta jáde, á gún awọ, á sì da oró síbẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Bíi pàkúté ni: ọdẹ lè ti sùn nílé, pàkúté á ṣì mú ẹran. Ìdí nìyí tí òkú jẹ́lífíìṣì fi ń ta èèyàn.

Ẹni tó bá ta, kó má fi iyanrìn ha ara, kó má sì fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Omi tí kò níyọ̀ máa ń mú kí àwọn àpò tí kò tíì bẹ́ tú oró jáde. Omi òkun ni kó fi ṣàn án.

Jẹ́lífíìṣì ní ìbátan. Iyùn pupa gidi tí ọba ń wọ̀ sọ́rùn, egungun ẹbí rẹ̀ kan ni. Ẹbí yẹn kì í kúrò lójú òkúta tó bá lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ jẹ́lífíìṣì náà a máa gbé orí òkúta nígbà èwe, wọ́n á rí bí òdòdó kékeré. Nígbà tó bá yá, ara wọn á pín léraléra bí àwo tí wọ́n tò léra, àwo kọ̀ọ̀kan á já, á sì lúwẹ̀ẹ́ lọ, toró-toró lára.