Rolex àti Tudor: kí ló ń jẹ́ àbúrò nínú ọjà aago?

Ẹni tó bá dúró ní Fájuyì, Adó-Èkìtì, ní ọ̀sán Sátidé tí àwọn èèyàn ń wọ́ lọ síbi ìnáwó, yóò rí Toyota, yóò sì rí Lexus. Ilé kan náà ló ń ṣe méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó máa pe Toyota ní ayédèrú Lexus. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan so Tudor mọ́wọ́ wọ ibi ìnáwó ọ̀hún, kí ó ní ọmọ ilé Rolex ni. Ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi í bóyá èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà ni.

Àbúrò tí à ń wí yìí ni kí olówó kan ní orúkọ ọjà méjì, kí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan wà fún ẹni tí àpò rẹ̀ jìn, èkejì wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí kò fẹ́ gba gbàǹjo. Ayédèrú ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹni tó ṣe ayédèrú jí orúkọ elórúkọ kọ sójú aago ni. Orúkọ ara rẹ̀ ni Tudor ń kọ sójú tirẹ̀. Ní tèmi o, Tudor gidi kan sàn ju ayédèrú Rolex mẹ́wàá lọ, bó ti wù kí wọ́n máa dán tó.

Hans Wilsdorf ni bàbá méjèèjì. Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1881, ó sì bẹ̀rẹ̀ òwò aago ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1905 pẹ̀lú Alfred Davis. Ní 1908 ló forúkọ Rolex sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kó tó kó òwò náà lọ sí Geneva ní Switzerland. Ọdún 1926 ni Rolex gbé Oyster jáde, ìyẹn aago tí wọ́n dé pinpin kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n forúkọ Tudor sílẹ̀ fún Wilsdorf, ṣùgbọ́n ó di 1946 kí Tudor tó di ilé iṣẹ́ tó dá dúró. Wilsdorf kò fi ohun tó ń wá pamọ́. Ó fẹ́ aago tí àwọn tó ń bá a tajà lè tà ní owó tó rẹlẹ̀ ju ti Rolex, síbẹ̀ kí èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé e bí ó ti ń gbẹ́kẹ̀ lé Rolex. Títí di òní, àjọ tó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ló ni ilé iṣẹ́ méjèèjì.

Báwo wá ni owó rẹ̀ ṣe wálẹ̀? Nígbà náà, ibi tí ojú kì í dé ni wọ́n ti dín in. Ara aago, ìyẹn irin tó gbé gíláàsì dání, ọ̀dọ̀ Rolex ló ti wá. Ẹ̀wọ̀n náà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Rolex ni. Kódà bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a fi ń yí i, adé tó jẹ́ àmì Rolex ló wà lórí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é tà fún gbogbo ayé, nítorí ẹ́ńjìnnì ló máa ń jẹ owó jù nínú aago tí kò lo bátìrì. Ọgbọ́n yẹn ṣiṣẹ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Bìrìtìkó tó lọ sínú yìnyín Greenland so Tudor mọ́wọ́ lọ, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé náà sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi wọ inú òkun.

Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ aago ṣì ń sọ̀rọ̀ Tudor bí ẹni pé nǹkan kò yí padà láti ìgbà náà: ara Rolex, ẹ́ńjìnnì yíyá. Ó ti yí padà. Láti 2015 ni Tudor ti ń fi ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ sínú aago, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kenissi sílẹ̀ tó ń ṣe é. Chanel, àwọn tí a mọ̀ mọ́ lọ́fínńdà, ní ìpín nínú Kenissi. Breitling, ilé iṣẹ́ aago mìíràn, náà ti gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ Tudor, ó sì ń fún Tudor ní tirẹ̀ tó ń ka àkókò eré ìje. Àbúrò ti ń dá jẹun.

Ó kù kí a béèrè ohun tí èèyàn ń san owó lé lórí, nítorí owó aago Submariner ti Rolex ju ìlọ́po méjì owó aago Black Bay ti Tudor lọ. Àkọ́kọ́ ni irin. Oríṣi irin tí wọ́n ń pè ní 904L ni Rolex ń lò, ó sì ṣòro kí òógùn tàbí omi iyọ̀ tó jẹ ẹ́. 316L ni Tudor ń lò, èyí tí ọ̀pọ̀ aago tó dára lágbàáyé fi ń ṣe ara. Èmi ò rò pé ọwọ́ ará Èkìtì lè mọ ìyàtọ̀ yẹn. Submariner lè wọ omi tó jìn tó mítà 300, Black Bay lè wọ mítà 200, bẹ́ẹ̀ omi tó jìn jù tí aago wa máa ń bá pàdé ni ti Ìkògòsì. (Ẹ dákun, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó wọ ẹ̀gbẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Róbà tó ń dí omi nínú aago kì í fẹ́ràn omi gbígbóná.)

Ìkejì ni bí ó ṣe ń rìn. Rolex ṣèlérí pé aago òun kò ní fi ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ sáré tàbí kó fi lọ́ra lóòjọ́. Àwọn Tudor kan wà tí wọ́n ti yẹ̀ wò lábẹ́ òfin METAS, àjọ ìjọba Switzerland tó ń rí sí ìwọ̀n. Àwọn yẹn kò gbọdọ̀ lọ́ra rárá, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú àáyá 5 sáré, kódà tí wọ́n bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tó lágbára gan-an. Ẹni tó máa ń jókòó níbi ìnáwó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀, mọ ìwúlò ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́: aago oníbátìrì tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba máa ń péye ju àwọn méjèèjì lọ. Ìṣẹ́jú àáyá méjì lóòjọ́, ìṣẹ́jú kan gbáko ni lóṣù.

Nítorí náà, orúkọ ló kó owó tó pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ roro àti ọ̀wọ́n. Àwọn Rolex kan wà tí olówó náà ní láti tò sílé ìtajà kó dúró de àkókò rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń rí èrè lórí rẹ̀ bí wọ́n bá tún un tà. Tudor kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ra aago bí ẹni ń ra ilẹ̀, kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó fẹ́ aago tí yóò so lójoojúmọ́, tí kò ní jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ máa fò ní gáréèjì, àbúrò ni mo máa ní kó rà.

Àwọn tí bàbá wọn fi aago àtijọ́ sílẹ̀ fún ni mo fẹ́ bá sọ èyí tó kù. Bí ẹ bá bá Tudor kan nínú àpótí, tí òdòdó róòsì tàbí asà wà lójú rẹ̀, tí adé Rolex wà lórí bọ́tìnnì, tí wọ́n sì kọ “Original Oyster Case by Rolex Geneva” sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má sọ pé wọ́n ti da ti méjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tún aago ṣe fá ara rẹ̀ kó dán, ẹ má sì jẹ́ kó pààrọ̀ ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ sí tuntun. Àwọn tó ń ra aago àtijọ́ máa ń wá èyí tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì pé, kódà bí ojú rẹ̀ bá ti ṣì.