Nọ́ńbà Ara Ìgò Abẹ́rẹ́

Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Tákìé lówùúrọ̀ ọyẹ́ kan. Ó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọmọ sì ní kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára flu kó tó gbéra. Bàbá ò tíì jókòó tó fi ní, "Dọ́kítà, wọ́n ní èèyàn ò lè pe àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ yìí lẹ́jọ́. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dáa, kí ló ń sá sábẹ́ òfin fún?" (Apòògùn ni mí, àmọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹni tó bá ti wọ kóòtù funfun, dọ́kítà ni.)

Mo ní ọ̀rọ̀ Bàbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Lọ́dún 1976, flu kan pa ọmọ ogun kan ní bárékè Fort Dix. Ẹ̀rù ba ìjọba wọn pé irú àjàkálẹ̀ flu ọdún 1918, tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé, ló tún ń bọ̀, ni wọ́n bá ní kí gbogbo ìlú gba abẹ́rẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ̀, wọn ò ní dúró fún àwọn tó ń ṣe é. Àwọn tó ń ṣe é náà ní àwọn ò ní tà, àfi bí ìjọba bá máa gba ẹjọ́ rò. Ìjọba gbà. Èèyàn tó lé ní 40 mílíọ̀nù ló gba abẹ́rẹ́ náà. Àjàkálẹ̀ ò dé, àmọ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú 100,000 tó gbà á ni àrùn Guillain-Barré tìtorí rẹ̀ mú, àrùn tó ń sọ ẹsẹ̀ àti apá di aláìlágbára. Kí ọdún tó parí, wọ́n dá a dúró, ẹjọ́ sì di ti ìjọba.

Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1986 ló tẹ̀ lé e, nítorí àjẹsára ọmọdé. Wọ́n ń fi owó orí kékeré lé abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, owó náà ń wọ àpò kan, inú àpò yẹn ni wọ́n sì ti ń san owó fún ẹni tó bá fara pa, láìjẹ́ pé ó ń wá ẹni tó jẹ̀bi. Flu wọ inú ètò náà ní 2005. Ọ̀dọ̀ àpò yẹn lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kó tó lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Èmi ò fẹ́ràn kí olówó máa jèrè kí ìjọba máa jẹ́jọ́, àmọ́ kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ náà burú ló fà á.

Èyí tí à ń gún báyìí, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú, kò lè fún èèyàn ní flu. Ojú abẹ́rẹ́ á dunni, ara lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Guillain-Barré ò ju bí ẹnì kan sí méjì nínú mílíọ̀nù kan lọ, flu fúnra rẹ̀ sì ń fà á. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ wú nígbà kan tó gbà á, kó má gbà á mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kódà bí wọ́n bá ń wo aago.

Ní tiwa ńkọ́? A ò ní irú àpò yẹn fún flu ní Nàìjíríà. Owó ara wa la fi ń rà á. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ṣe ní 2018, ní ẹni tó ta ọjà tó lábùkù ló máa dáhùn fún ìpalára rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mi lẹ máa kọ́kọ́ dé nìyẹn! Àmọ́ ẹ̀rí dà? Èèyàn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò mọ nọ́ńbà ara ìgò, èyí tó ń sọ ìpele tí wọ́n ṣe é, ta ló fẹ́ mú?

Iná mànàmáná ló ń kó mi láyà sókè ju ọ̀rọ̀ òfin Amẹ́ríkà lọ. Láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ni abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà. Bó bá dì, ó bàjẹ́, bó bá gbóná, agbára rẹ̀ ń lọ. Lọ́dún kan wọ́n gbé àpótí kan dé ọ̀dọ̀ mi, gbogbo yìnyín inú rẹ̀ ti domi. Awakọ̀ ní, "Mọ́mì, ó ṣì tutù o." Mo dá a padà. Ẹni tó rà á níbòmíràn, mi ò mọ̀ ọ́n.

Bàbá ní kí n ṣí fíríìjì kí òun wo témómítà. Ó kà á: 5. Ó yọ ìwé kékeré kan lápò, ó fi awò ojú sí, ó da nọ́ńbà ara ìgò kọ, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, nọ́ńbà NAFDAC. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i, ó wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.