Ṣé Owó Ni Kò Tó, àbí Bí A Ṣe Pín Iṣẹ́ Ni Kò Dára?

Ìbéèrè: Kí ló dé tí òṣìṣẹ́ fi ń sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ju ti àdúgbò lọ?

Ẹ wo ohun tí kálukú ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti tóbi díẹ̀, ẹnì kan ń gé aṣọ, ẹnì kan ń rán apá, òmíràn ń rán ọrùn, ẹnì kan wà nídìí bọ́tìnnì àti áyọ́ọ̀nù. Ẹni tó ń rán apá kì í fojú kan oníbàárà. Bí apá bá fún jù, ọ̀gá ló ń gbọ́ ọ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ló sì ń tú u. Ẹni tó rán an lè ti rán ogún mìíràn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pípín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ ló ń mú un yá?

Ó ń mú un yá, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ Ford ní Highland Park, Amẹ́ríkà, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń to ṣásì ọkọ̀ kan ní 1913. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kọjá níwájú òṣìṣẹ́, tí kálukú ń ṣe ẹyọ nǹkan kan péré, kò pẹ́ tó fi bọ́ sí wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 33. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1913 yẹn náà, wọ́n gba èèyàn tó ju 50,000 kí nǹkan bíi 14,000 tó lè wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kìíní 1914, Ford gbé owó ojúmọ́ dé dọ́là 5 fún àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n, ó sì dín wákàtí 9 kù sí 8. Àwọn èèyàn dúró. Owó ló dá wọn dúró o, iṣẹ́ náà ò yí padà, ṣọ́ọ̀bù mélòó ló sì lè san irú owó bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń wọn iṣẹ́?

Richard Hackman àti Greg Oldham, àwọn olùwádìí méjì nípa iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní 1975. Ohun márùn-ún la ń fún ní máàkì, láti 1 dé 7: oríṣiríṣi ọgbọ́n tí iṣẹ́ ń gbà, bóyá èèyàn ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó ṣe kan ayé ẹlòmíì tó, àṣẹ tí òṣìṣẹ́ ní lórí rẹ̀, àti bó ṣe ń mọ àbájáde rẹ̀ tó. Ẹ ro mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, ẹ fi 3 pín in, kí ẹ wá fi máàkì àṣẹ àti ti àbájáde sọ ọ́ di púpọ̀.

Ká ní arán-apá gba 2, 1 àti 6: 3 nìyẹn. Bí àṣẹ bá jẹ́ 2, tí àbájáde jẹ́ 2, 12 ló kù sí. Bó bá ń rán odindi bùbá, tó gba 5, 7 àti 6, pẹ̀lú àṣẹ 5 àti àbájáde 5, ó di 150. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá fún un ní odindi bùbá tán, tó tún dúró tì í lórí gbogbo ojú abẹ́rẹ́, àṣẹ di 1, 150 yẹn sì já wá sí 30. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń kùnà nìyí. Ẹ má fi nọ́ńbà náà jà. Máàkì tó kéré jù ni kí ẹ máa wá.

Ìbéèrè: Kí la máa kọ́kọ́ yí padà?

Àbájáde, torí kò náni lówó. Kí ẹni tó rán aṣọ wà níbẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá ń wọ̀ ọ́ wò, kí àtúnṣe sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kan ní odindi bùbá. Agbádá ṣì lè dúró. Ẹ sọ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀ fún un, kó fúnra rẹ̀ mọ èyí tó máa kọ́kọ́ rán. Iṣẹ́ máa falẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ́ ọrùn, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ máa ka aṣọ tó ń padà wá fún àtúnṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àmọ́ bí ẹ bá kàn fi bọ́tìnnì kún apá fún un, ẹrù lẹ dì kún ẹrù.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo òṣìṣẹ́ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Rárá. Ẹlòmíì fẹ́ iṣẹ́ kan tó ti mọ̀ dunjú, ẹ bi í kí ẹ tó yí i padà. Bí owó bá sì ń pẹ́ kó tó dé, ẹ yanjú ìyẹn ná. Ìtẹ́lọ́rùn ló máa ń kọ́kọ́ gòkè. Iye aṣọ tó ń jáde lóòjọ́ lè má fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, torí náà iye tó ń padà wá ni kí ẹ fi wò ó.