Àgádágodo Wà Níbẹ̀, Owó Tún Lọ: Kí Ni Àgádágodo Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ń Ṣọ́ Gan-an?

Àǹtí mi tó ń ta àǹkárá ní Gbági, n'Ìbàdàn, gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan pé báńkì fẹ́ ti àkáǹtì wọn pa, àfi kí wọ́n tẹ líǹkì kan kí wọ́n lọ fi BVN wọn tún un ṣe. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wo òkè ojú ìwé tó ṣí, wọ́n rí https, wọ́n rí àmì àgádágodo, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí ibẹ̀ béèrè, títí kan kóòdù tó wọlé sórí fóònù wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, owó ọjà ti wọgbó. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò tíì kúrò létí mi: "Ṣebí ìwọ lo ní tí mo bá ti rí àgádágodo, kò séwu?"

Èmi ni mo sọ ọ́ lóòótọ́, ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nígbà náà nìyẹn. Ìmọ̀ràn náà ti gbó, ó sì ti ń ṣe èèyàn ní jàǹbá, ìdí nìyẹn tí mo fi kó ìbéèrè wọn àti ti àwọn mìíràn tó ti ń bi mí jọ síbí.

Ìbéèrè: Ṣé irọ́ ni àgádágodo yẹn ń pa fún wa ni?

Ìdáhùn: Kò purọ́. Àwa la gbọ́ ohun tí kò sọ. Ohun tó ń sọ ni pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ láti orí fóònù yín dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn àdírẹ́sì yẹn, ẹlòmíràn kò lè kà á lójú ọ̀nà, kò sì lè yí i padà. Kò sọ irú ẹni tó ni àdírẹ́sì náà. Tó bá jẹ́ gbájúẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà yín á dé ọwọ́ gbájúẹ̀ ní pípé, láìsí olè kankan tó yọjú wò ó lọ́nà. Ọ̀nà ni àgádágodo ń ṣọ́. Kò mọ ìwà onílé.

Ilé-iṣẹ́ Netscape ló dá https, ìyẹn ọ̀nà títì tí àgádágodo ń tọ́ka sí, sílẹ̀ ní 1994, kí àwọn èèyàn lè fi káàdì ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ọdún pípẹ́, sáìtì tó bá fẹ́ àgádágodo gbọ́dọ̀ sanwó fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí náà a máa ń rò pé ẹni tó bá ní i kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ní oṣù Kejìlá 2015, Let's Encrypt ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé, ó ń fi ìwé ẹ̀rí ọ̀hún tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ohun kan ṣoṣo tó sì ń yẹ̀ wò ni pé àdírẹ́sì náà wà níkàáwọ́ ẹni tó ń béèrè. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe, mo sì ń kan sáárá sí wọn, nítorí ìtàkùn ayélujára tó ṣí gbayawu tẹ́lẹ̀ ti wá ní ìbòrí. Àmọ́ oníjìbìtì náà lè gba tirẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2023, àwọn Google yọ àgádágodo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì nínú Chrome, áàpù wọn tí a fi ń ṣí sáìtì, nítorí wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ń ṣì í lóye. Ìlà kéékèèké méjì tó ní òbìrípo lára ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Tí kò bá lè dáàbò bò mí lọ́wọ́ gbájúẹ̀, kí ló wúlò fún?

Ìdáhùn: Ó wúlò gan-an. Ní oṣù Kẹwàá 2010, Eric Butler, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, gbé àfikún kan jáde fún Firefox, tí òun náà wà fún ṣíṣí sáìtì bíi Chrome, ó pè é ní Firesheep. Ẹni tó bá fi í sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì jókòó síbi tí wáífáì wà ní ṣíṣí, á máa rí orúkọ àti àwòrán àwọn tó ń lo Facebook nítòsí rẹ̀. Tó bá ti tẹ orúkọ kan, ó ti wọlé bí ẹni náà nìyẹn, kò nílò ọ̀rọ̀ aṣínà. Ohun tó fà á ni pé ibi tí èèyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni ọ̀pọ̀ sáìtì ń tì nígbà náà, ìyókù wà ní gbangba. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kọ́ wọn lólè. Ó fẹ́ kí àwọn tó ni sáìtì rí ìtìjú wọn ni. Ó ṣiṣẹ́, torí láàárín ọdún mélòó kan, àwọn ńlá inú wọn ti ń ti gbogbo ojú ìwé wọn.

Ìbéèrè: Èmi àti báńkì kò pàdé rí. Báwo ni fóònù mi àti ẹ̀rọ tiwọn ṣe ń ní àṣírí, nígbà tó jẹ́ pé ìta gbangba ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ń gbà kọjá?

Ìdáhùn: Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Àwọn baba wa ń di àrokò ránṣẹ́, ẹni tó gbé e lọ sì lè má mọ ohun tó wí. Àmọ́ ẹni tó dì í àti ẹni tó máa tú u ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀, àjèjì ló pàdé àjèjì. Ní 1976, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Whitfield Diffie àti Martin Hellman, tẹ ọ̀nà kan jáde tó tú kókó yìí. Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà kéékèèké ṣe é.

Táyé àti Kẹ́hìndé dúró láàárín ọjà. Wọ́n fẹnu kò sórí 7 àti 23, gbogbo ọjà gbọ́. Táyé fi 4 sínú, kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Kẹ́hìndé fi 3 sínú tirẹ̀. Táyé ṣe 7 × 7 × 7 × 7, ó jẹ́ 2401. Ó fi 23 pín in, ó ku 9. Ó ké e síta: "Mẹ́sàn-án!" Kẹ́hìndé ṣe 7 × 7 × 7, ó jẹ́ 343, ó fi 23 pín in, ó ku 21. Òun náà ké e síta. Táyé wá mú 21 tó gbọ́, ó ṣe 21 × 21 × 21 × 21, ó fi 23 pín in, ó ku 16. Kẹ́hìndé mú 9, ó ṣe 9 × 9 × 9, ó jẹ́ 729. Ó fi 23 pín in, ó ku 16.

Àwọn méjèèjì ti ní 16 lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń tẹ́tí sí wọn gbọ́ 7, 23, 9 àti 21, kò gbọ́ 16. Pẹ̀lú nọ́ńbà kéékèèké báyìí, ó lè máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bá a. Àmọ́ èyí tí fóònù yín ń lò gùn débi pé ìlà kan nínú ìwé kò gbà á. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí sáìtì tó ní https ni irú ìṣirò yìí ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ìbéèrè: Ta ló wá jẹ́rìí pé Kẹ́hìndé gan-an ni Táyé ń bá sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé ẹ̀rí ni. Aṣàwákiri yín, ìyẹn Chrome, Firefox tàbí Safari, ní orúkọ àwọn tó gbà gbọ́ lọ́wọ́. Tí ẹnì kan nínú wọn bá dalẹ̀, wàhálà dé. Ní 2011, àwọn olè wọ DigiNotar, ọ̀kan nínú irú ilé-iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ayédèrú ìwé ẹ̀rí Google, àwọn tí wọ́n sì fi ṣọ́ jù ni àwọn tó ń lo Gmail ní Iran. Chrome ẹnì kan níbẹ̀ ló kígbe, ní oṣù Kẹjọ. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, DigiNotar ti wọko gbèsè. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ẹ̀rí sínú àkọsílẹ̀ tó wà ní gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ ní sáìtì, ẹ lọ sí crt.sh, ẹ kọ àdírẹ́sì yín síbẹ̀, ẹ ó rí gbogbo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti fún un. Tí ẹ bá rí èyí tí ẹ kò béèrè, ẹ tètè dìde.

Ìbéèrè: Tí ojú ò bá lè gbẹ́kẹ̀ lé àgádágodo, kí ni kí n máa wò?

Ìdáhùn: Àdírẹ́sì náà, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Lẹ́yìn https://, ẹ wá ibi tí àmì yìí / ti kọ́kọ́ wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ máa kà á padà sọ́wọ́ òsì. Ẹ wo jamb.gov.ng: ng ni Nàìjíríà, gov.ng ni ìjọba, wọn kì í tà á fún ẹni tó bá ṣáà ti fẹ́, jamb ló sì ni èyí. Ẹ wá wo jamb.gov.ng.example.com. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn: com, lẹ́yìn náà example. Ẹni tó ni example.com ló ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó wà níwájú, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, bí ẹni tó kọ "Ààfin Ọba" sára ahéré rẹ̀. (Wọ́n ya example.com sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ ni, kò sí ẹni tó lè rà á.) Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ iwájú nìkan ló máa ń hàn nígbà míì, nítorí náà ẹ fi ìka tẹ àdírẹ́sì náà kí ẹ fà á dé òpin.

Èyí tó kàn, àwa tá a ń kọ Yorùbá ló yẹ kó tètè yé. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: àmì díẹ̀ ló yà wọ́n, kò sì sí ẹni tó máa ní ọkọ́ ni òun fẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, o àti ọ jìnnà síra bí k ṣe jìnnà sí m. Àdírẹ́sì sì ti lè ní ọ àti ẹ nínú báyìí. Ẹnì kan lè ra èyí tó ní ọ níbi tí ti báńkì yín ti ní o, kó sì fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fa ìlà sábẹ́ líǹkì. Ìlà náà sì lè bo àmì abẹ́ ọ mọ́lẹ̀. Ní 2017, Xudong Zheng, tó ń ṣèwádìí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, fi lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà kọ àdírẹ́sì kan tó jọ apple.com láìkù síbì kan. Chrome pàápàá kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nígbà náà. Lónìí, xn--80ak6aa92e.com ló máa kọ fún yín. Tí ẹ bá ti rí xn-- lórí sáìtì tí ẹ rò pé ẹ mọ̀, ẹ jáde.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà mi ní gbogbo sáìtì léwu, Google pàápàá. Ṣé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo aago rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó tó owó ẹyọ onírin, CR2032 ni wọ́n kọ sí i lára. Òun ló ń bá aago ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Tó bá ti kú, tí wọ́n sì mú iná lọ, kọ̀ǹpútà á jí padà sí ọdún àtijọ́. Ìwé ẹ̀rí sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kọ̀ǹpútà tó rò pé 2012 la wà á ní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, ẹ pààrọ̀ bátìrì náà. Àmọ́ tó bá jẹ́ sáìtì kan ṣoṣo ló ń kìlọ̀ fún yín, tí ìyókù ń ṣí, ẹ má fipá wọ ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ ọ àti o yìí kọjá agbára mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wò ó fún yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín pamọ́ sínú aṣàwákiri tàbí sínú áàpù tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, irú Bitwarden. Ó ń fi àdírẹ́sì wé èyí tó mọ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà. Kì í bẹ̀rù, kì í kánjú. Tí kò bá gbé ọ̀rọ̀ aṣínà wá fún yín, ẹ má fọwọ́ kọ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ní passkey, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí fóònù fúnra rẹ̀ ń lò dípò ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ gbà á, torí àdírẹ́sì gidi nìkan ló ń dá lóhùn, kò sì sí ohun tí ẹ máa kọ fún olè. Ti báńkì, ẹ lo áàpù wọn, ẹ má ti inú àtẹ̀jíṣẹ́ lọ síbẹ̀. Kóòdù tó bá sì wọlé sórí fóònù yín, kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ.

Mo bá àǹtí mi tò ó sórí fóònù wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn dé, pé wọ́n fẹ́ ti Facebook tí wọ́n fi ń polówó aṣọ pa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn tẹ líǹkì náà. Ojú ìwé ṣí, https wà níbẹ̀, àwọ̀ búlúù wà níbẹ̀, àmọ́ àyè ọ̀rọ̀ aṣínà ṣófo. Àǹtí mi gba fóònù náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì dá a padà fún un. "Pa á dé," ni wọ́n wí. "Fóònù mi ò dá wọn mọ̀."