Bí Ọmọ Ìjọ Mennonite Ṣe Ń Di Ọ̀jọ̀gbọ́n Tìọ́lọ́jì: Ọ̀nà Tí Gordon Kaufman Tọ̀

Ìjọ Mennonite, ìjọ Kristẹni kan, kò ní póòpù, kò sì sí àgbà kan ṣoṣo láàárín wọn tó lè buwọ́ lùwé pé ẹ̀kọ́ báyìí tọ̀nà, tọ̀hún kò tọ̀nà. Ọdún 1525 ni gbòǹgbò wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní Zurich ní Switzerland, nígbà tí àwọn kan kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, tí wọ́n sì tún ara wọn rì bọmi gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà. Menno Simons, àlùfáà kan ní Netherlands tó fi iṣẹ́ àlùfáà Kátólíìkì sílẹ̀ lọ́dún 1536, ni wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti inú ìjọ báyìí jáde, tó fẹ́ fi tìọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run) àti fìlọ́sọ́fì jẹun, ilé ẹjọ́ méjì ni yóò máa rojọ́ níbẹ̀: ìjọ tó tọ́ ọ dàgbà, àti yunifásítì tó ń san owó oṣù rẹ̀. Ọ̀nà tí Gordon D. Kaufman (1925–2011), onímọ̀ tìọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, gbà fi bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn dáadáa.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ìrìn náà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Mennonite tó ti Rọ́ṣíà kó wá sí Kansas láti ọdún 1874 ló dá Bethel College sílẹ̀ ní 1887, bàbá Kaufman gan-an sì ni ààrẹ ibẹ̀ láti 1932 sí 1952. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó gboyè, ogun àgbáyé kejì dé. Ìjọ Mennonite kì í gbé ìbọn. Ọ̀dọ́kùnrin tí ìjọba bá pè sógun tó sì kọ̀, ó ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ agbègbè rẹ̀ ìdí tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò fi gbà á. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, wọn a fi ránṣẹ́ sí àgọ́ Civilian Public Service, níbi tí wọ́n ti ń sin ìlú dípò iṣẹ́ ológun. Láàárín 1941 sí 1947, nǹkan bí 12,000 ọkùnrin ló kọjá níbẹ̀: wọ́n ń gbin igi, wọ́n ń pa iná igbó, wọ́n ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní ọsibítù, ìjọba kò sì san owó iṣẹ́ fún wọn. Àwọn ìjọ tó ń kọ ogun ló ń gbé ìnáwó àgọ́ wọn. Kaufman wà lára wọn. Kí ó tó gboyè kankan, ó ti kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tó le jù nínú fìlọ́sọ́fì níwájú àwọn tí kì í ṣe eré ni wọ́n ń bá a ṣe.

Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ní Bethel lọ́dún 1947, ó gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní yunifásítì Northwestern lọ́dún 1948, ó wá kọjá sí yunifásítì Yale. Níbẹ̀, ó gba oyè tí wọ́n fi ń kọ́ pásítọ̀ ní 1951, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní 1955. H. Richard Niebuhr, gbajúmọ̀ onímọ̀ tìọ́lọ́jì, wà lára àwọn tó kọ́ ọ.

Ìpele ọ̀mọ̀wé yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já bọ́. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì fún nǹkan bí ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ńlá lórí gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àbá iṣẹ́ ìwádìí, lẹ́yìn àbá ni kíkọ ìwádìí náà fúnra rẹ̀, kí ó tó wá gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gba ọdún márùn-ún sí méje. Èdè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ó sábà máa ń ní láti lè ka èdè Jámánì àti Faransé. Wọn a gbé ojú ìwé kan tàbí méjì fún un pé kó túmọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Wàhálà Jámánì ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe lè sápamọ́ sí ìparí gbólóhùn tó gùn ní ìlà mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wá a lọ síbẹ̀ yóò túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ inú rẹ̀ tán láìmọ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe. Kò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, nítorí èdè yẹn ni àwọn àgbà fìlọ́sọ́fì àti tìọ́lọ́jì bíi Kant, Hegel àti Barth fi kọ̀wé.

Ewu kejì fara sin. Lẹ́yìn ìdánwò ńlá, kò sí kíláàsì mọ́, owó ìrànwọ́ sì ń tán lọ, akẹ́kọ̀ọ́ a wá gba iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí ìwádìí rẹ̀ kò tíì parí. Kaufman bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Pomona College lọ́dún 1953, ọdún méjì kí oyè rẹ̀ tó jáde. Ọdún 1953 yẹn kan náà ni ìjọ yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ pásítọ̀. Ó parí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í parí, nítorí pé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní láti máàkì ní ọjọ́ tirẹ̀, ìwádìí kò ní ọjọ́ kankan.

Bí ẹni náà bá ti wọ iṣẹ́ olùkọ́, àsìkò ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò tún wà. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà ti ọdún 1940 ní kí àsìkò náà má ju ọdún méje lọ. Ní nǹkan bí ọdún kẹfà, wọn a kó ìwé tó ti kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n níta kí wọ́n wò ó. Bí wọ́n bá gbà á, iṣẹ́ di tirẹ̀ títí. Bí wọn kò bá gbà á, ó sábà máa ń ku ọdún kan péré kó palẹ̀ mọ́. Ìlànà kan náà gba ilé ẹ̀kọ́ ìjọ láyè láti fi ààlà sí ohun tí olùkọ́ lè sọ nítorí ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ààlà náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìjọ, kó ka ìwé yẹn dáadáa kó tó buwọ́ lù ú. Ibẹ̀ ni ìjà tó máa ń bẹ́ lọ́dún kẹwàá ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kaufman lọ sí yunifásítì Vanderbilt ní 1958, ó sì dé yunifásítì Harvard ní 1963, níbi tó wà títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1995. Ìwé kékeré kan tó tẹ̀ jáde ní 1975 ló gbé ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní tìọ́lọ́jì kì í ṣe ṣíṣe àlàyé ohun tí a ti fi lé wa lọ́wọ́ nìkan. Kíkọ́ ni, bí ẹni ń kọ́lé, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló sì ní. Àkọ́kọ́, kí a ya àwòrán ayé bí ìmọ̀ òde òní ṣe fi hàn. Èkejì, kí a gbé èrò nípa Ọlọ́run kalẹ̀, èyí tó lè fún ayé yẹn ní ìtumọ̀ tó sì lè dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀kẹta, kí a padà sí àwòrán àkọ́kọ́, kí a tún un ṣe títí méjèèjì yóò fi bára mu. Ìgbésẹ̀ kẹta yìí ni àwọn tó ń fara wé e máa ń gbàgbé, tí ohun tí wọ́n kọ fi ń dà bí ilé aláìlórùlé.

Lọ́dún 1982 ni ìlò rẹ̀ hàn kedere. Kaufman ni ààrẹ American Academy of Religion, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀sìn, lọ́dún náà, bọ́ǹbù átọ́míìkì ló sì fi ọ̀rọ̀ ààrẹ rẹ̀ dá lé. Bí ọmọ ènìyàn bá ti lè pa gbogbo ìran ara rẹ̀ run, ó ní èrò pé Ọba òkè yóò ṣáà gbà wá sílẹ̀ ti di eléwu, nítorí ó ń gba ẹrù tó jẹ́ tiwa lórí wa. Ẹni tó ti kọ ogun nígbà ọ̀dọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, pẹ̀lú ohun èlò tí Yale fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1993, nínú ìwé rẹ̀ In Face of Mystery, ó ti ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí agbára ìṣẹ̀dá tó ń mú ohun tuntun jáde nínú ayé, kì í ṣe bí ẹnì kan tó jókòó sókè.

Harvard kò bi í ní ìbéèrè ìgbàgbọ́. Ìjọ bi í, bí wọ́n sì ṣe bi í ló yẹ ká wò. Níwọ̀n bí kò ti sí póòpù, ìwé ìròyìn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́: Mennonite Quarterly Review, tó bẹ̀rẹ̀ ní Goshen lọ́dún 1927, àti Conrad Grebel Review ní Ontario. A. James Reimer, tó ń kọ́ni ní Conrad Grebel, kọ́lẹ́ẹ̀jì Mennonite kan ní Ontario, wà lára àwọn tó takò ó jù. Ó ní kí àwọn Mennonite di ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ àtijọ́ bíi ti Nicaea, tí ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìgbàanì gbé kalẹ̀, mú ṣinṣin, pé láìsí i, ìwà àlàáfíà wọn yóò pàdánù ìpìlẹ̀. Kaufman ń gbọ́, kò sì fi ìjọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, inú ìjọ Mennonite ti Boston ni wọ́n ti ń rí i.